Ẹ má fi irọ́ gbèjà Ọlọ́run

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ọdún kẹta rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti wà ní yunifásítì. Nígbà tó wálé kẹ́yìn, ó ní òun ò gbà mọ́ pé Ọlọ́run wà, pé àwọn tí kì í ronú ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé kò tiẹ̀ yẹ kí ìjọba máa dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Mo fi ìtàn bí Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gbé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n jáde, pé díẹ̀díẹ̀ ni ohun alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣe ronú pìwà dà kó tó kú ránṣẹ́ sí i, àti ti ọmọ ilé-ìwé kan tó pa ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní Ọlọ́run ò sí lẹ́nu mọ́, tó wá já sí pé Einstein, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ni. Ṣe ló fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹbí máa pàdé lópin oṣù yìí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á tún ṣẹ́ yọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè sọ tí kò ní rí èsì fún?
*Ẹ̀gbọ́n tí ọ̀rọ̀ ká lára*

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, arábìnrin mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa dáhùn ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ wọn, mi ò sì tíì rí gbólóhùn kan tí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn ò ní rí nǹkan sọ sí. Ká ní ó wà ni, Pọ́ọ̀lù ì bá ti lò ó ní Áténì. Ẹ lọ ka ìparí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17: àwọn kan fi í ṣẹ̀sín, àwọn kan ní àwọn á tún gbọ́ ọ nígbà míì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbàgbọ́. Bí wọ́n bá lè fi àpọ́sítélì ṣẹ̀sín, ta wá ni èmi àtẹ̀yin?

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dúró sí nínú lẹ́tà yín gan-an ló dùn mí. Ìtàn Darwin yẹn. Ó ti sú mi. Oṣù kan ò lè kọjá kí ẹnì kan má fi í ránṣẹ́ sí mi, tòun ti àwòrán bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun lókè, àti “Fi í ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá” nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá mo lè sinmi.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé obìnrin ajíhìnrere kan tí wọ́n ń pè ní Lady Hope lọ kí Darwin nígbà tí ọjọ́ ikú rẹ̀ ń sún mọ́. Ó bá a lórí ibùsùn tó ń ka Ìwé Hébérù. Ìka ọwọ́ bàbá náà ń gbọ̀n, ó ń kábàámọ̀ èrò tó gbé jáde nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ní kí obìnrin náà wá bá àwọn ìránṣẹ́ òun sọ̀rọ̀ nípa Jésù.

Ó dùn ún gbọ́. Ẹ wá bá mi ka ọdún. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1882 ni Darwin kú. Ọdún 1915 ni ìtàn Lady Hope jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 33 gbáko. Nígbà tó di ọdún 1922, Henrietta, ọmọ Darwin obìnrin, kọ̀wé síta pé òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun nígbà tó ń kú lọ, pé Lady Hope ò sí níbẹ̀ nígbà àìsàn yẹn, kò sì sí níbẹ̀ nígbà àìsàn kankan, pé bàbá òun ò sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Emma, ìyàwó rẹ̀, ńkọ́? Onígbàgbọ́ lobìnrin yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ọkọ rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí i lórí ẹ̀. Ọdún 14 ló lò láyé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ká ní ọkọ yìí yí padà lórí ibùsùn ikú, ṣé ẹ rò pé ó máa dákẹ́, kó wá di ọdún 1915 kí àlejò tó sọ ọ́ fún wa?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ìtàn tòótọ́ wà, àwa la pa á tì. Lọ́dún 1879, ẹnì kan bi Darwin léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ó fèsì pé òun ò fìgbà kan rí jẹ́ ẹni tó sẹ́ pé Ọlọ́run wà, pé orúkọ tó bá òun mu jù ni agnostic, ìyẹn ẹni tó ní òun ò lè sọ bóyá ó wà tàbí kò sí. Ẹ sì wo ohun tó ń dà á láàmú. Lọ́dún 1860, ó kọ̀wé sí Asa Gray, onímọ̀ nípa ewéko ní Harvard, pé òun ò lè gbà pé Ọlọ́run olóore á mọ̀ọ́mọ̀ dá irú àwọn agbọ́n kan tí ìdin wọn ń jẹ ọmọ labalábá láàyè láti inú wá síta. Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú lẹ́tà yẹn ni Annie, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kú lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Gray tó gba lẹ́tà náà kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Kristi pa mọ́, síbẹ̀ òun ló gbèjà ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n jù ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn. Ẹ ò rí i bí èyí ṣe jìnnà sí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́?

Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni Darwin sunkún pìwà dà, kí ló fẹ́ fi hàn? Bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan bá sunkún lórí ibùsùn ikú, èsì ìṣirò náà ò yí padà. Bó bá tọ̀nà, ó tọ̀nà. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, iṣẹ́ la fi ń mọ̀, a kì í fi omijé mọ̀ ọ́n.

Ojú mi ti rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń bí nínú. Nígbà tí mo ṣì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo sọ ìtàn Darwin yìí gan-an níwájú àwọn ọ̀dọ́ nínú gbọ̀ngàn kan. Mo sọ ọ́ dáadáa, mo tiẹ̀ ṣe ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin kan ní ìlà kejì gbé ọwọ́ sókè, ìwé kékeré kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ Darwin ní obìnrin yẹn ò síbẹ̀.” Ó kà á sókè. Òógùn bò mí. Mo ní màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì kọjá sórí àjíǹde Jésù, tó jẹ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo ń jáde, ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bi mí: “Sà, ti Jésù tó jíǹde yẹn, ṣé bí ẹ ṣe yẹ ti Darwin wò náà lẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò?”

Mi ò rí nǹkan sọ.

Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run la ń ṣe é fún. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ń gbèjà Ọlọ́run ni. Nínú Jóòbù orí 13, Jóòbù bi wọ́n bóyá wọ́n á máa tìtorí Ọlọ́run sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n máa fi ẹ̀tàn gbè é lẹ́yìn. Ẹ lọ wo orí 42, kí ẹ rí ẹni tí Ọlọ́run bínú sí nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí: àwọn agbèjà ni. Pọ́ọ̀lù alára, nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 15, sọ pé bí Kristi ò bá jíǹde, á jẹ́ pé ẹlẹ́rìí èké Ọlọ́run ni àwọn. Ó ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Àwa ń fi tiwa ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá.

Ti Einstein, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Irọ́ ni. Lọ́dún 1954, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, Einstein kọ̀wé pé lójú òun, àìlera ẹ̀dá èèyàn ló bí ọ̀rọ̀ náà “Ọlọ́run”. Ẹ má fi ọkùnrin yẹn ṣe ẹlẹ́rìí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún fẹ́ sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, rí ọjọ́ tó sọnù nígbà ayé Jóṣúà tí oòrùn dúró, ẹ bi í pé aago wo ni wọ́n fi wé aago wo. Kọ̀ǹpútà lè fi bí oòrùn àti òṣùpá ṣe ń rìn báyìí ṣírò ibi tí wọ́n wà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí ìṣirò náà ṣe lè fi hàn pé ọjọ́ kan dín.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò yín. Pé àwọn tí kì í ronú ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Èyí rọrùn, ẹ ò sì nílò irọ́ kankan. Ẹni tó sọ lọ́dún 1931 pé àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan bíńtín, ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní Big Bang, àlùfáà Kátólíìkì ni. Georges Lemaître, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Ẹ dúró ná kí ẹ tó sáré lọ fi ìyẹn náà pa á lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 1951, nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ yìí ti ẹ̀rí ìṣẹ̀dá lẹ́yìn, inú Lemaître fúnra rẹ̀ ò dùn. Kò fẹ́ kí wọ́n so ìgbàgbọ́ mọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ lè tún ṣe lọ́la. Torí náà, Lemaître jẹ́ ẹ̀rí pé onígbàgbọ́ ń ronú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ìjọba tó ní kó má dá sí ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àìgbà pé Ọlọ́run wà. Oníwàásù ni Roger Williams tó tẹ ìlú Providence dó lọ́dún 1636 ní Amẹ́ríkà, torí kí ìjọba má bàa fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀sìn. Ẹ lè bá àbúrò yín fohùn ṣọ̀kan lórí èyí kí ẹ sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ má ṣe é níwájú ẹbí. Kò sí ọmọkùnrin tó máa gbà lójú àwọn àgbà pé òun ṣì í sọ, ẹ̀yin náà ò sì ní gbà. Ẹ wá ibi tó ti máa jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ bi í pé irú Ọlọ́run wo ló ní kò sí. Ẹ dákẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lọ́pọ̀ ìgbà, Ọlọ́run tí wọ́n bá ṣàpèjúwe fún mi, èmi náà ò gbà á gbọ́. Bó bá fẹ́ kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi gbàgbọ́, ẹ lọ síbi tí Pọ́ọ̀lù lọ, sọ́dọ̀ Jésù. Tacitus, òpìtàn Róòmù tí ò fẹ́ràn àwọn Kristẹni rárá, kọ ọ́ pé Pọ́ńtíù Pílátù ló ní kí wọ́n pa á. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí wọ́n pa Jésù tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé sí Kọ́ríńtì pé àwọn tó lé ní 500 rí i lẹ́yìn tó jíǹde, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. Mi ò ní èyí máa fipá mú ẹnikẹ́ni gbàgbọ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò ni, àbúrò yín sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ikú ẹnì kan tàbí ìyà kan ló mú kó sọ pé kò sí Ọlọ́run, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ọjọ́ méje àti òru méje tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe dáadáa mọ. Nígbà tí wọ́n lanu ni wàhálà dé. Mi ò mọ àbúrò yín, mi ò sì lè ṣèlérí pé á yí padà. Bí ẹ bá rí i pé kì í sùn mọ́, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ gbàgbé àríyànjiyàn, ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Iṣẹ́ dókítà ni ìtọ́jú yẹn, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tiyín.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣáájú gbogbo èyí, kò sì gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ gbé fóònù yín báyìí, ẹ kọ ọ́ pé: “Ìtàn Darwin àti Einstein tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ, mo ti wádìí wọn, wọn kì í ṣòótọ́. Má bínú.” Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi “ṣùgbọ́n” kankan tì í lẹ́yìn, ẹ má sì fi ẹsẹ Bíbélì sí i. Ẹ fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.