Òwò epo pupa lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì: kí ni òwò ń béèrè lọ́wọ́ ẹni?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ fi díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi bẹ̀rẹ̀ òwò epo pupa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ní n kò lè ṣe é nítorí pé n kò lẹ́nu ọjà. Irú ìwà àti ìmọ̀ wo ni ó yẹ kí oníṣòwò ní?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ẹnu dídùn wúlò lọ́jà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìṣirò àwọn ọlọ́jà tí mo ti bá wọn yẹ̀ wò, n kò tíì rí òwò tí ó wó nítorí pé ẹni tí ó ni ín kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó sábà máa ń wó o ni pé ọlọ́jà kò mọ iye tí ọjà náà ná an gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni iye owó inú rẹ̀. Ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan ní 40,000 náírà, ẹ san 1,500 fún ọkọ̀ àti 500 fún aláàárù. Bí epo náà bá silẹ̀ tán, ẹ ó rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ tí kò ṣeé tà. Ká ní ó tó lítà kan. Ó túmọ̀ sí pé 42,000 náírà ni ẹ fi ra lítà 24, lítà kan sì jẹ́ 1,750. Ẹni tí ó kàn fi 25 pín 40,000 yóò gbà pé 1,600 ni òun ra tòun, yóò tà á ní 1,700, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn sí èrè 100 náírà, nígbà tí ó jẹ́ pé 50 náírà ni ó ń pàdánù lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó ni owó rẹ̀ yóò ṣe máa tètè tán tó.

Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ rẹ́jísítà láràárọ̀ ti ní ìwà tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sílẹ̀ lálaalẹ́, títí kan epo tí ẹ bù sọ́bẹ̀ nílé.

Àwìn ni ó máa le fún yín jù. Àwọn aládùúgbò àti àwọn tí ẹ kọ́ níwèé yóò wá, ojú yóò sì máa tì yín láti kọ̀ fún wọn. Ẹ pinnu ṣáájú iye àwìn tí òwò náà lè gbà lóṣù. Tí ó bá ti pé, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kò sí mọ́.

Ẹ tún nílò sùúrù, nítorí pé ìgbà tí ẹyìn bá pọ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹta, ni owó epo máa ń wálẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń gbówó lórí bí ọdún bá ń lọ sópin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èrè tí ó wà nínú kí á rà á nígbà tí ó pọ̀, kí á sì tà á nígbà tí ó gbówó lórí, mú yín ra epo tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀: àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa àwọn tí ń po àró Sudan (èròjà aláwọ̀ pupa tí kì í ṣe ti oúnjẹ) mọ́ epo kí ó lè pọ́n, ó sì léwu fún ara. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè dé ibi tí ó ti ń fún epo ni kí ẹ ti máa rà.

Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó yín wà ní báǹkì. Bí ìwé yín bá fi èrè hàn fún oṣù mẹ́ta léraléra, ẹ lè wá fi kún un.