Ẹ kọ́ èdè ọmọ yín kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́ fún un

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, bàbá wa. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ tó ń sọ àmì ọwọ́ àwọn adití di ọ̀rọ̀ ẹnu fún ọmọ yín, ọmọ ọdún 6, kí gbogbo ilé lè máa gbọ́ ohun tó ń wí. Adití ni ọmọ tèmi náà, ó ti pé ọdún 11. Àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan gbé irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ fún wa dán wò, ó sì lo oṣù márùn-ún nílé wa. Ní tèmi o, ẹ má tíì rà á.

Iṣẹ́ ọpọlọ ni lóòótọ́. Ohun kan wà lára ìka kọ̀ọ̀kan tó ń mọ̀ bí ìka bá tẹ̀, òmíràn ń mọ ibi tí ọwọ́ ń yí sí. Fóònù á wá fi wé àwọn àmì tí wọ́n ti kọ́ ọ, á sì sọ ọ́ jáde. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "màmá" láti inú fóònù yẹn, mo sunkún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ojú mi là. Mo ń fọ abọ́, mo kọ ẹ̀yìn sọ́mọ, fóònù sì sọ pé, "Bàbá ti lọ." Mo mi orí pé mo ti gbọ́, mo ń bá abọ́ mi lọ. Ó tún un ṣe, fóònù tún un sọ, mo tún mi orí. Ọmọ náà bá rìn wá síwájú mi, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí tirẹ̀. Irun òkè ojú rẹ̀ gbé sókè, ó tẹ orí síwájú díẹ̀. Ìbéèrè ló ń bi mí: ṣé bàbá ti lọ? Ojú rẹ̀ ni "ṣé" yẹn wà, ìbọ̀wọ́ kò sì rí ojú. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti wọlé ni mo ti ń gbọ́ fóònù, tí mi ò wo ọmọ mi mọ́.

Ojú wà nínú gírámà èdè náà. Mímì orí sọ́tùn-ún sósì lè sọ gbólóhùn di "bẹ́ẹ̀ kọ́". Wọ́n lè fi bàbá sí apá ọ̀tún, kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n sí apá òsì nínú afẹ́fẹ́, ibi tí ọwọ́ bá ti kúrò lọ sí ibòmíràn ni yóò sọ ẹni tó fún ẹnì kejì ní nǹkan. Láti 1960 ni William Stokoe, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé èdè gidi ni èdè àmì àwọn adití Amẹ́ríkà, tó ní òfin tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìbọ̀wọ́ SignAloud gba ẹ̀bùn 10,000 dọ́là ní 2016, àwọn olùkọ́ èdè àmì ní Yunifásítì Washington, níbi tí àwọn tó ṣe é ti ń kàwé, ní láti kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé ohun tí ìbọ̀wọ́ náà fojú fò. Àwọn ti UCLA, yunifásítì kan ní California, tó ṣe tiwọn ní 2020 gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó mọ àmì 660, wọ́n sì lẹ sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń mọ bí ara ṣe ń yí, mọ́ agbede méjì irun òkè ojú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ṣé ẹ máa lẹ ìyẹn mọ́ ojú ọmọ ọdún 6 láràárọ̀?

Ẹ tún bi àwọn tó ń tà á pé èdè àmì wo ni ìbọ̀wọ́ náà mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń sọ, àmọ́ èdè àwọn adití wọn yàtọ̀ pátápátá: ọwọ́ kan ni ti Amẹ́ríkà fi ń pe lẹ́tà, ọwọ́ méjì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìbọ̀wọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi wá bá wa, kò gbé tiwa padà fún un. Bí mo bá dáhùn, ta ni yóò bá mi sọ ọ́ fún un? Òun ló wọ ẹrù náà sọ́wọ́, àwa tí a gbọ́ràn jókòó gẹlẹtẹ.

Níta, ó máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù fún ẹni tí kò mọ èdè àmì. Lọ́dọ̀ dókítà, ògbufọ̀ ni mo máa ń wá. Nínú ilé, ọwọ́ wa ni. Ẹ wá àgbàlagbà tó jẹ́ adití, kí ẹ máa jókòó tì í, ẹ mú ìyá ọmọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín ń lò jù lọ. Bó bá di ọwọ́ yín mú láti tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.