Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Ọmọ Ló Jẹ̀bi Ni Àbí Títì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Àró la ń gbé, ilé ìwé àwọn ìbejì mi wá wà lódìkejì títì Ọba Adésídà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọlọ́kadà kan fẹ̀gbẹ́ gbá Táyé, Ọlọ́run ló yọ ọ́, apá nìkan ló bó. Bàbá wọn ní ọmọ ni ò wojú títì, pé tí ìjọba bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? – Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fọmọ sunkún. Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n fi Táyé sílẹ̀ jàre. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò tíì lè fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe ń sáré tó, kì í ṣe àìgbọràn, ọpọlọ wọn ò tíì gbó débẹ̀ ni, kò sì sí ìkìlọ̀ tó lè mú un gbó kíákíá. Títì la lè tún ṣe.

Àárọ̀ Sátidé kan báyìí mo dúró níwájú Ọjà Ọba, màmá àgbà kan gbé bésìn tòmátì lérí, ó fẹ́ sọdá. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí sìláàbù gọ̀tá, ó fà á padà, ó tún gbé e, ó tún fà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ọwọ́ kan di bésìn mú, èkejì ló ń nà sáwọn ọkọ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tó fi máa dé àárín, kẹ̀kẹ́ Máruwá kan fun fèrè mọ́ ọn, màmá wá sáré, tòmátì méjì já bọ́, ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́ lójú mi. Inú bí mi gan-an. Irú títì wo nìyẹn, tí ìyá arúgbó gbọ́dọ̀ sáré kó tó lè délé ẹ̀?

Ohun tó fà á ni pé títì tó bá fẹ̀ tó sì gún rébété, ńṣe ló ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó tẹná mọ́ ọn. Òfin ní kí ọkọ̀ má sá ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan láàárín ìlú, àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní níbi tí èèyàn àti ọkọ̀ bá ti jọ ń dà pọ̀, 30 ló yẹ. Ẹ má rò pé kékeré nìyàtọ̀ ẹ̀ o, agbára tí ọkọ̀ tó ń sá 60 fi ń gbá èèyàn, ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ń sá 30 ni, kì í ṣe ìlọ́po méjì.

Ti afárá yẹn, mi ò fara mọ́ ọn láàárín ìlú. Ṣé màmá onítòmátì ló máa gun àtẹ̀gùn yẹn ni, àbí aboyún, àbí ẹni tó ń tiro? Tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ̀rù á máa ba obìnrin láti gbabẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí tírélà ti ń já bọ̀ láti Ìléṣà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ níwájú ilé ìwé, ojú ibi tí wọ́n ti ń sọdá ni kí wọ́n gbé sókè kó bá sìláàbù dọ́gba, kó jẹ́ ọkọ̀ ló máa gùn ún kó sì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ṣe ibi ìdúró sí àárín títì kọ́mọ lè sọdá apá kan ná kó tó kan èkejì, kí iná sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní Dar es Salaam ní Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ Amend bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ńpù, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àtàwọn òpó kéékèèké yí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ká, kò ná wọn lówó tabua, wọ́n sì gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí ẹ̀ ní 2019. Orílẹ̀-èdè Netherlands tá à ń gbóríyìn fún lónìí nítorí ààbò títì wọn gan-an, ní 1971 èèyàn tó lé ní 3,000 ni ọkọ̀ pa níbẹ̀, ọmọdé lé ní 400 nínú wọn, àfìgbà táwọn òbí bọ́ síta tí wọ́n fárígá ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Nítorí náà ẹ má kàn lọ ráhùn, ẹ mú nọ́ńbà dání. Ẹ ka bíi ìgbésẹ̀ 65 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìyẹn á tó mítà 50, ẹ fi nǹkan sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fóònù ka iye sẹ́kọ́ńdì tí ọkọ̀ fi gba àárín ẹ̀ kọjá. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà, 30 ló ń sá nìyẹn. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, 60 ni. Ẹ ṣe é fún ogún ọkọ̀ lásìkò tọ́mọ ń jáde nílé ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni títì o, bóyá ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ ni, àbí kánsù, torí lẹ́tà tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ò ni ín, inú fáìlì ló máa sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ da kọnkéré bí òkè Ìdànrè sójú títì lóru láìkùn ún lọ́dà, ọmọ ẹlòmíì tó wà lórí ọ̀kadà ló máa ṣubú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàtà ni mò ń tà ní Arákalẹ̀. Wọ́n ní ká kó ọjà kúrò lórí sìláàbù kẹ́lẹ́sẹ̀ lè ríbi gbà. Tí mo bá kó o wọlé, ta ló máa rí i rà? – Alábàtà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ajé á wá. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ kì í rí bàtà yín, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń rí i. Tẹ́ ẹ bá wá gba gbogbo sìláàbù, á bọ́ sójú títì, ọkọ̀ ni ojú ẹ̀ máa wà lára ẹ̀, kò ní yà sọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí mítà méjì ṣófo, èèyàn méjì tó rẹrù á lè pàdé níbẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ náà á ríbi gbà, kẹ́ ẹ wá pàtẹ sí ìyókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí kẹ́ ẹ fi bàtà kọ́ sára ògiri fúnra ẹ̀. Àmọ́ sìláàbù tó ti ya tó sì jẹ ihò yẹn, ẹ bi àwọn tó ní kẹ́ ẹ kúrò pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀, torí tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀, ojú títì náà ni ẹlẹ́sẹ̀ máa padà sí.