Ẹ Bi Wá: Ṣé sáyẹ́ǹsì nìkan ló wà lára igi ni?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà prámárì 5 ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ọgbà igi tó wà ní UNILAG ní Akoka, ọ̀gá wa wá ní ọjọ́ kan gbáko ti pọ̀ jù fún sáyẹ́ǹsì nìkan. Àwọn òbí ń ráhùn owó bọ́ọ̀sì, wọ́n ní ṣé igi ò sí ládùúgbò ni. Kí ni kí n sọ fún wọn? Tíṣà Ìsàlẹ̀ Èkó.*

Tíṣà wa, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ò fi bẹ́ẹ̀ burú, torí mo ti bá kíláàsì ọmọ mi lọ irú ẹ̀ rí, kí wọ́n ṣáà máa da orúkọ ara pátákó kọ sínú ìwé ni, Látìn lórí Látìn, ká tó mọ̀ wọ́n ti jẹ mítípáì tán ó dilé. Nígbà tá a délé, ọmọ mi ò lè ya ewé kan ṣoṣo fún mi. Ẹ má kó àádọ́ta igi lé wọn lórí. Ẹ mú ẹyọ kan, kí gbogbo subject wá bá a níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, obì ni n bá mú. Ẹ kọ́kọ́ dá lọ, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ọgbà bóyá wọ́n ní igi obì, tí ò bá sí, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ lọ́rọ̀ sọ lé lórí. Ẹ ra obì àbàtà, gbàǹja àti orógbó díẹ̀ dání láti ọjà, kí àwọn ọmọ là á lábẹ́ igi fúnra wọn. Gbàǹja á pín sí méjì, àbàtà á ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ nígbà míì, orógbó ò sì láwẹ́. Wọ́n sáà ti rí ẹ̀wà tó ń pín sí méjì, ẹ wá ní kí wọ́n wo àbàtà tó ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Inú awẹ́ yẹn ni oúnjẹ tí ọmọ igi á máa jẹ wà kó tó ní ewé tó lè fi wá tiẹ̀. Kí wọ́n ka awẹ́ ogún obì, kí wọ́n ya gíráfù ẹ̀, mátíìsì ti wọlé láìkanlẹ̀kùn nìyẹn.

Ẹ tún lè wọn igi náà láìgùn ún. Ẹ fi igi mítà 1 nàró sílẹ̀, ká ní òjìji ẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ mítà, tí òjìji igi ńlá yẹn sì jẹ́ mítà 5, á jẹ́ pé mítà 10 ló ga. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é o, torí l'Ékòó níbí tó bá ti tó agogo 12 sí 1, òjìji á ti ká jọ sábẹ́ igi.

Yorùbá ńkọ́? Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń sọ níbi ìsọmọlórúkọ: obì á bi ikú, orógbó á gbó wọn sáyé. Kí wọ́n wo orúkọ ewé míì, kí wọ́n fi dá àdúrà tiwọn.

Social studies gan-an ló dùn jù. Ẹ sọ fún wọn bí àwọn Hausa ṣe ń wá ra obì l'Ágége láyé àtijọ́, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè ọya, ọ̀nà ojú irin láti Èkó ti dé Kánò ní 1912. Ẹ sọ ti ọgbà ìjọba tí Gómìnà Alfred Moloney dá sílẹ̀ ní Ebute Metta ní 1887, wọ́n ń gbin ọmọ kòkó àti kọfí níbẹ̀ láti fi pín fún àgbẹ̀. Àwọn ọmọ yín tó ń kọjá níwájú Ìgà Ìdúngànràn lójoojúmọ́ náà, ṣé wọ́n mọ̀ pé oko ata nibẹ̀ kó tó di ààfin?

Ní ti àwọn òbí, ìyá ọmọ kan á máa ta obì tàbí ewé àgbo lọ́jà, ẹ ní kó bá yín lọ, ẹ má gbowó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó máa sọ lábẹ́ igi yẹn ò sí nínú tẹ́ẹ́sìbúùkù kankan, ẹnu ẹ̀ náà ló sì máa bá yín pa àwọn òbí yòókù lẹ́nu mọ́.

Kí wọ́n má já ewé láìtọrọ o. Obì yẹn náà, kí wọ́n tọ́ ọ wò bíńtín ni, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, wọn ò ní sùn lóru, ẹ̀yin sì ni ìyá wọn máa pè láago méjì òru.