Ilé méjì ní Thamesmead: èwo ló sún mọ́ rélùwéè ní tòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹta tí mo dé London nìyí, mo sì ti rí ilé méjì ní Thamesmead. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rélùwéè Abbey Wood, owó rẹ̀ wọ́n. Èkejì wà lápá etí odò Thames, owó rẹ̀ dín, ẹni tó fẹ́ fi í yá mi sì ní kò jìnnà sí rélùwéè. Canary Wharf ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago méje àárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Bermondsey ní kẹ̀kẹ́ àyágùn ni kí n máa gùn dé ìdí rélùwéè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí áàpù náà, n kò rí ẹyọ kan ní àdúgbò yìí. Kí ló fà á? Kí sì ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kó o tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé ilé tán ni wọ́n máa ń wá bá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ètò ìrìnnà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, torí òun ni yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé yé ọ.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, Santander Cycles tí àwọn èèyàn ń pè é báyìí, oṣù July 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín gbùngbùn London. Ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ ni pé àwọn ìso kẹ̀kẹ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so wọ́n mọ́, sún mọ́ra: láti ọ̀kan sí èkejì, bíi mítà 300 sí 500 ni. Bí o bá dé ọ̀kan tó o bá a lófìfo, wàá fẹsẹ̀ rìn dé èkejì láìpẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ìso òfìfo kan ṣoṣo á sọ ọ́ di apẹ́lẹ́yìn níbi iṣẹ́, o ò sì ní gbẹ́kẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà mọ́ láé.

Kí ìso tó lè sún mọ́ra bẹ́ẹ̀, àfi kí èrò pọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, kí ilé, ọ́fíìsì, ilé ìwé àti ilé ìtajà sì dà pọ̀ mọ́ra. Bí Bermondsey ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnì kan ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni ẹlòmíràn ń gun òmíràn wọ àdúgbò. Ilé gbígbé ló pọ̀ jù ní Thamesmead ní tiwa. Ká ní wọ́n kó kẹ̀kẹ́ 200 síbẹ̀ lọ́la, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Abbey Wood ni gbogbo wọn á wà, kò sì ní sí ẹni tí yóò gùn wọ́n padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò máa kó wọn padà, owó ńlá sì ni. Kódà láàárín ìlú, ní àyíká Waterloo àti King's Cross, àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa fi ọkọ̀ pín kẹ̀kẹ́ kiri, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo èrò ń gbà láàárọ̀. Ilẹ̀ olókè pẹ̀lú máa ń dá irú ìṣòro yìí sílẹ̀. Ní Paris, níbi tí Vélib', kẹ̀kẹ́ àyágùn tiwọn, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tayọ̀tayọ̀ làwọn èèyàn fi ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Montmartre, wọn kì í sì í fẹ́ gùn ún padà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú 15 tí kò ní sanwó fún lórí kẹ̀kẹ́ ta ẹni tó bá dá kẹ̀kẹ́ padà sórí òkè lọ́rẹ.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Láàárín ìlú, orogún rélùwéè ni kẹ̀kẹ́: ní July 9, 2015, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n yá kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lé ní 73,000. Lẹ́yìn odi ìlú ló yẹ kó jẹ́ ẹni tó ń sin èèyàn dé ìdí rélùwéè, ibẹ̀ gan-an ló sì ṣòro jù láti gbé e sí. Àwọn kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìso, irú bíi Lime, wà o, àmọ́ káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń bá iléeṣẹ́ wọn ṣe àdéhùn tirẹ̀. Greenwich àti Bexley ló pín Thamesmead láàárín ara wọn, nítorí náà, kó o tó gbọ́kàn lé e, wo áàpù nígbà tó o bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé náà, kó o tún wò ó ní ìdí rélùwéè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé. Ilẹ̀ àbàtà ni Thamesmead. Omi tó ya wọ ìlú ní 1953 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀, nítorí náà wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nísàlẹ̀ ilé. Mọ́tò ni wọ́n fi sísàlẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba òkè. 1968 ni àwọn ará ibẹ̀ àkọ́kọ́ kó wọlé. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yóò dé ibẹ̀, èyí tó di Jubilee line lónìí, ṣùgbọ́n kò dé. Ní báyìí, ètò wà láti fa DLR, rélùwéè kékeré ti apá ìlà-oòrùn London, kọjá odò wá síbẹ̀; má fi í ṣe ìdí tí wàá fi gba ilé lọ́dún yìí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni adágún omi, odò tí wọ́n là, àti títì ńlá Eastern Way tó gé àdúgbò náà sí méjì. Ibi tó dà bíi mítà 500 lórí máàpù lè di kìlómítà kan fún ẹlẹ́sẹ̀ tó ń wá afárá tí yóò gbà.

Inú ọ̀kan lára àwọn close tó wà ní Festac ni mo dàgbà sí, mo sì mọ bó ṣe rí kéèyàn máa wo títì lọ́ọ̀ọ́kán, kó sì ní láti yí po kó tó débẹ̀. Nígbà tí Blue Line, rélùwéè Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina sí Mile 2 ní September 4, 2023, ohun tí mo kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé ni pé, "Báwo lẹ ṣe máa dé Mile 2?"

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ní London ní òṣùwọ̀n kan tí à ń pè ní PTAL, tó ń sọ bí ó ṣe rọrùn tó láti ibì kan dé ibi ọkọ̀ èrò, láti 0 (tó burú jù) dé 6b (tó dára jù). TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ṣe máàpù rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn. Ó gbà pé mítà 80 lèèyàn ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, kì í sì í ka ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá ju mítà 640 lọ tàbí ìdí rélùwéè tó bá ju mítà 960 lọ. Wo ti ilé méjèèjì. Àmọ́ òṣùwọ̀n náà kò mọ ibi tó ò ń lọ, kò sì mọ̀ bóyá iná wà lójú ọ̀nà. Láti May 2022 tí Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 11 ni ọkọ̀ ń lò láti Abbey Wood dé Canary Wharf. Ìṣẹ́jú tó o máa lò kó o tó débi ọkọ̀ ló yẹ kó o wọ̀n.

Nítorí náà, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ní aago mẹ́fà ìdájí, kó o rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé etí odò dé ìdí rélùwéè. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ bọ́ọ̀sì, kó o sì ka ìṣẹ́jú tó o fi dúró mọ́ ọn. Tún padà síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dára wà káàkiri, irú bíi Ridgeway tó gba orí páìpù omi ìdọ̀tí àtijọ́ kọjá, àmọ́ èmi ò ní dá gba ibẹ̀ lálẹ́. Bí ìrìn náà bá lé ní ìṣẹ́jú 20, ilé Abbey Wood ni kó o gbà bí agbára rẹ bá gbé e.

Bí owó kò bá jẹ́, ra kẹ̀kẹ́ tìrẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ibi tí èèyàn lè so kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mọ́ sì wà ní ìdí rélùwéè. Má ṣe rò pé wàá gbé e wọ ọkọ̀ láwọn wákàtí tí èrò pọ̀ jù, àfi bó bá jẹ́ irú èyí tó ń ká. Kó o tó fọwọ́ sí ìwé, bi onílé bóyá àyè wà nínú ilé tí o lè gbé kẹ̀kẹ́ sí lálẹ́, àti bóyá àtẹ̀gùn ni wàá máa gbé e gùn lójoojúmọ́.