Ọkọ mi ní kí n fi Kùráánì búra nítorí ìbò

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaekun, Àáfà wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí là ń gbé, ẹ̀kọ ni mò ń tà ní Ọjà Jágun. Ọkọ mi ń du ipò káńsẹ́lọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì ni ọkàn mi gbà pé yóò ṣe é dáadáa, mo sì sọ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ kejì ló gbé Kùráánì síwájú mi, ó ní kí n búra pé òun ni màá tẹ̀ka fún. Mo búra kí ilé lè tòrò. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìyàwó tí kò bá dìbò fún ọkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́hun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe sí ìbúra yẹn?

ÌDÁHÙN: Wa alaekumu salaam, ìyá wa.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbúra yẹn bẹ̀rẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ẹni tó búra, tó wá rí ohun tó dára ju èyí tó búra lé lórí, kó ṣe èyí tó dára jù, kó sì san ìtánràn. Ó wà nínú Súrà Al-Máídà, áyà 89: ẹ bọ́ aláìní 10, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn láṣọ, tàbí kẹ́ ẹ dá ẹrú sílẹ̀, èyí tí kò sí lóde òní mọ́. Ẹni tí kò bá lágbára ni yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ 3. Irú oúnjẹ tí ẹ ń fún ará ilé yín ni Ọlọ́hun sọ o, kì í ṣe ẹ̀kọ àná tó ṣẹ́kù nínú agbọ̀n.

Ti àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, rárá. A ò sọ pé kí obìnrin má gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ìbò: ẹni tó tẹ̀ka ń jẹ́rìí pé lágbájá ló tó iṣẹ́ yìí í ṣe. Áyà 135 Súrà An-Nisáì sì ní ká jẹ́rìí òdodo nítorí Ọlọ́hun, kódà bó ta ko àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Ibo ni ọkọ fẹ́ gbà yọ níbẹ̀?

Bàríírà, ẹrúbìnrin tó gba òmìnira, kọ Mùgíìsì ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń tẹ̀ lé e kiri ìgboro Mẹ̀dínà, omijé ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú ṣe Ànábì, ó ní kí Bàríírà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà béèrè pé, “Ṣé àṣẹ lẹ pa ni?” Ó ní rárá, òun kàn ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni. Bàríírà ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ànábì kò bínú. (Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ ọkọ yín o!) Bí Ànábì bá mọ ààlà láàárín àṣẹ àti ẹ̀bẹ̀, káńsẹ́lọ̀ lọ́la ńkọ́?

Níbi tí màá ti bá yín wí: ẹ má wọ ankara ẹgbẹ́ kejì jó níwájú ilé ọkọ yín. Áyà 187 Súrà Al-Bákárà pe tọkọtaya ní aṣọ ara wọn, aṣọ kì í sì í tú ẹni síhòòhò. Lálẹ́ ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹ ò lè mú ìbúra yẹn ṣẹ.

Ẹ lè san ìtánràn náà kó tó di ọjọ́ ìbò tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ abọ́ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ pín.