Bí àyà jíjá ṣe lé mi kúrò nínú ọkọ̀, àti bí mo ṣe padà wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe, nítorí pé àyà yín ń já nínú ọkọ̀, tí àyẹ̀wò kò sì fi àrùn kankan hàn, tí ẹ wá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá lọ sí ibi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ìpayà fi jọba lé mi lórí, mo sì ti wá mọ ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 2016 ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo wọ Micra, ọkọ̀ takisí kékeré, ní Ìwó Road, a fún ara wa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró. Ooru mú mi, mo fẹ́ sọ gíláàsì kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i lára ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni ó wà, àfi kí wọ́n máa nà án síra wọn. Kí ó tó kàn mí, àyà mi ti ń lù kìkìkì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ìka mi, ètè mi kú tipiri, ó sì dá mi lójú pé ikú ni ó dé. Mo bọ́ sílẹ̀ láàárín títì, mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tí ó ń sun bọ̀ọ̀lì, kò sì pẹ́ tí ara mi fi wálẹ̀. Ìtura ọjọ́ yẹn gan-an ni ó tàn mí jẹ.

Mo ṣe àyẹ̀wò ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà kan ní kò sí ohun tí ó ń ṣe mí, kí n lọ sinmi, inú sì bí mi jáde, nítorí pé bí kò bá sí ohun tí ó ń ṣe mí, ta ni ó ń kú lọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́sí? Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ayé ni. A ṣe ìṣọ́ òru, mo mu àgbo. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà o, mo ṣì ń gbà á títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúrà ni ó ní kí n má wọ ọkọ̀ mọ́, èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Mo kọ́kọ́ pa Micra tì, lẹ́yìn náà mo pa Ìwó Road tì, nígbà tí ó yá, ẹnu ọ̀nà ni mo ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó sì ń bá mi ta ọjà.

Nígbà tí mo gbà láti lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, mo fi ìborùn bo ojú kí ará Gbági kankan má baà dá mi mọ̀. Oníbàárà mi kan tí ó jẹ mí ní owó léèsì ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀! Ìtìjú yìí kò tilẹ̀ yẹ wá, níwọ̀n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ tí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, ní Abẹ́òkúta, láti àwọn ọdún 1950, ti wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí.

Ẹni tí ó tọ́jú mi ṣàlàyé pé nígbà tí ọpọlọ bá rò pé ewu dé, ara a máa tú adrenaline, èròjà tí ń mú ara gbáradì fún ìjà tàbí eré sísá, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, èémí a sì yá kánkán. Èémí àmíjù yìí ni ó ń dín carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí jáde, kù nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń mú kí ìka máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, kí ètè kú, kí òyì sì máa kọ́ni. Ara ẹni tí ó pàdé ejò ni, àmọ́ kò sí ejò. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ìpayà ń dé góńgó, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé a bọ́ sílẹ̀ tàbí a kò bọ́. Èmi bọ́ sílẹ̀, ọpọlọ mi sì gbà pé bíbọ́ sílẹ̀ ni ó gbà mí là. Bí mo ṣe ń sá sí i ni ẹ̀rù náà ń ga sí i.

Nítorí náà, pípadà ni ìtọ́jú mi, díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ jókòó nínú Micra tí kò tíì gbéra, lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ dé bọ́sìtọ́ọ̀pù kan péré, mo sì tún un ṣe títí ó fi sú mi kí n tó fi òmíràn kún un. Wọ́n kọ́ mi láti fi imú fa èémí dé inú ikùn, kí n ka 4, kí n sì rọra mí i jáde, kí n ka 6. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ń lò ó bí oògùn ìṣọ́ra, mo ń fi lé e lọ, kò sì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo jẹ́ kí ìpayà náà wà níbẹ̀, tí mo kàn ń mí, ni ó rọ̀. Mo tún fi obì jíjẹ sílẹ̀, nítorí pé caffeine inú rẹ̀ a máa lé ọkàn eré.

Ní ti oògùn, èyí tí wọ́n kọ fún mi gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí ipa rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ ra èyí tí ń mú ara balẹ̀ kíá ní kẹ́mísì fúnra yín, ó lè di bárakú. Bí wọn kò bá tíì wo thyroid, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, àti àìtó ẹ̀jẹ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n wò ó, nítorí pé àwọn náà lè mú kí àyà máa lù. Bí àyà bá sì ń dunni dé apá, tàbí tí ènìyàn dákú, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìpayà náà ṣì ń wá. Ní oṣù tó kọjá, ó bá mi nínú ọkọ̀ ní Ìwó Road kan náà. Mo jókòó, mo ń mí, àfìgbà tí awakọ̀ kígbe pé, “Ìyá aláṣọ, ẹ fún mi ní ọwọ́ gíláàsì mi,” ni mo rí i pé mo ti dì í mú láti ìgbà yìí wá.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀nà Mọ́kọ́lá bá ṣófo, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bọ́sìtọ́ọ̀pù kan péré ti tó.